Ìwé Ẹ̀rí Ìlúwẹ̀ẹ́ Munirat

Orúkọ Munirat ni wọ́n pè, ṣùgbọ́n Latifah ló bọ́ sínú omi.

Àárọ̀ Sọ́ńdè ni, ní ilé ìlúwẹ̀ẹ́ kan ní Woolwich, ní wákàtí méjì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin nìkan. Ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yọ fóònù síta níbẹ̀. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo ara láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀, wọ́n sì fi fìlà rọ́bà bo irun. Ẹni tó bá fẹ́ dá ọ̀dọ́mọbìnrin kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì níbẹ̀, àfi kó ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Jasmine tó ń dán wọn wò kò sì mọ̀ wọ́n, nítorí ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ó wo orúkọ lórí ìwé, ó gbé ojú sókè, ó rí ọmọbìnrin gíga kan tó nawọ́, ó ní kó máa bọ̀.

Munirat gan-an jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, híjáàbù ń bẹ lórí rẹ̀, báàgì Latifah sì ń bẹ lórí itan rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ìyá rẹ̀ àti ìyá Latifah jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, Latifah sì fi ọdún méjì jù ú lọ. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé ní Connaught Estate, wọ́n sì jọra débi pé àwọn aládùúgbò máa ń pe ọ̀kan ní orúkọ èkejì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò ju ẹyọ kan lọ: Latifah mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, Munirat kò mọ̀ ọ́n rárá.

Nǹkan tó gbé wọn dé ibẹ̀ ni ẹja. Uncle Jimoh, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí wọ́n tọ́ dàgbà létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ló dá ẹgbẹ́ apẹja kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Thamesmead àti Woolwich. Ní gbogbo Sátidé, ó máa ń kó wọn lọ sétí adágún tó wà ní Thamesmead, á máa kọ́ wọn bí a ṣe ń so ìwọ̀ àti bí a ṣe ń ní sùúrù. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó mọ ẹja pa tó Munirat. Ọmọ náà lè jókòó wákàtí mẹ́rin nínú òjò kó má sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ nílé, kò lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pa ẹnu mọ́.

Nínú oṣù karùn-ún ni Uncle Jimoh kéde pé, tó bá di oṣù kẹjọ, àwọn máa lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ kan ní Scotland, lórí adágún ńlá kan láàárín àwọn òkè. Erékùṣù kan wà láàárín adágún náà tí èèyàn kankan kò gbé. Wọ́n máa fi ọkọ̀ ojú omi yí i ká jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, okùn ìwọ̀ á máa wọ́ tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, wọ́n á máa wá àgbà ẹja tráòtì tó ń gbé nísàlẹ̀ níbi tí omi ti tutù. Láti ọjọ́ náà ni Munirat kò ti sùn dáadáa mọ́. Ó ti wo gbogbo fídíò tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì mọ irú ìwọ̀ tí tráòtì fẹ́ràn ju bó ṣe mọ ìbátan ìyá rẹ̀ lọ.

Àdéhùn kan ni Uncle Jimoh bá wọn ṣe: ẹni tí kò bá lè lúwẹ̀ẹ́ fún àádọ́ta mítà kò ní wọ ọkọ̀ rẹ̀. Kìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá ló yọ̀ǹda fún, ó ní òun máa fi ẹni tó mọ omi dáadáa tì wọ́n. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fún wọn láti kọ́ ọ. Munirat ní òun máa bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Ẹ̀rù omi ló ń bà á, torí pé ó ti mumi yó lẹ́ẹ̀kan nígbà tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì í láti sọ pé apẹja tó gbówọ́ jù nínú ẹgbẹ́ ń bẹ̀rù omi. Bó ṣe ń sún un síwájú nìyẹn títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ kan. Ó wá lọ bá Latifah nínú yàrá, ó bẹ̀ ẹ́, ó ṣèlérí pé òun á fọ abọ́ rẹ̀ fún oṣù kan, òun á sì lọ aṣọ rẹ̀.

Latifah kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní kí ló dé tí kò sọ fún Uncle Jimoh pé òun kò tíì mọ̀ ọ́n. Munirat sunkún. Omijé rẹ̀ kì í sì í jìnnà rárá tó bá ń wá nǹkan.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré o," Latifah sọ níkẹyìn. "After this one, o máa learn ẹ̀ fúnra ẹ."

Àádọ́ta mítà náà, tí wọ́n bá lọ tí wọ́n bọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti pé. Ṣùgbọ́n bí Latifah bá ti wọ inú omi, kì í rántí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Munirat ń gbọ́wọ́ sókè láti orí bẹ́ńṣì pé ó ti tó, àmọ́ orí Latifah wà nínú omi, kò rí i. Nígbà tó máa fi jáde, ó ti ṣe igba mítà, Jasmine sì ń pàtẹ́wọ́.

Lóde, níbi tí àwọn ọkùnrin ń dúró sí, Uncle Jimoh gba ìwé ẹ̀rí náà lọ́wọ́ Munirat. Ó kà á, ó yọ gíláàsì, ó tún un kà. Ó wo ọmọ náà tìyanutìyanu. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹja gidi ni Munirat, pé nígbà tó rí báyìí, òun ti rí ẹni tí òun máa fi ti Juliana. Munirat rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dénú.

Juliana ni ó kéré jù nínú ẹgbẹ́ náà, ọmọ ọdún méjìlá, ó gbóyà, ó sì fẹ́ràn ìbéèrè. Kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Ìlànà tí Uncle Jimoh kó bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ ni pé nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àgbà kan á wà nídìí ẹ́ńjìnnì, ẹni tó mọ omi á jókòó ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, okùn gígùn kan á sì wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹni tó mọ omi. Tí nǹkan bá ṣe ọmọdé, ẹni tó mọ omi ló máa ju okùn náà sí i. Tí okùn náà ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á so ó mọ́ ara rẹ̀, á sì bọ́ sínú omi tọ̀ ọ́ lọ.

Ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n máa lọ, wọ́n kó ara wọn jọ sí Harrow Manorway níbi tí bọ́ọ̀sì kékeré ti ń dúró dè wọ́n. Ìyá Juliana, Auntie Mọ́wùnmí, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé, kò sì tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó tún àpò rẹ̀ ṣe, lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ Munirat mú.

"Uncle Jimoh fi paper ẹ hàn mí," ó sọ. "Ìdí tí mo fi gbà kó lọ nìyẹn. Ìwọ ni mo fi ọmọ mi lé lọ́wọ́ o."

"Ẹ má worry, Auntie," ni Munirat sọ. Láti Thamesmead títí wọ́n fi dé Scotland, ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn kò jẹ́ kó gbádùn ìrìn àjò náà. Àwọn yòókù ń kọrin, wọ́n ń jẹ púfù-púfù tí ìyá Munirat dín fún wọn. Òun jókòó létí fèrèsé, ó ń wo màlúù àti àgùntàn ìlú olókè.

Ní Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Adrian tó ni àwọn ọkọ̀ náà pín ẹ̀wù aléfòó tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì fún wọn, ó sì fà á mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan láyà kó má bàa tú. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n fẹ́ lò. Kí wọ́n tó wọlé, Uncle Jimoh dúró lórí pákó etí omi, ó wo gbogbo wọn.

"Ẹni tí nǹkan kan bá ń bà lẹ́rù, kó sọ ọ́ báyìí," ó ní. "Kò sí ẹni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu. A ó kàn tún ìjókòó wa tò ni."

Munirat wo bàtà ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ó rò ó pé tí òun bá sọ ọ́, òun máa padà sórí ilẹ̀, òun á jókòó ti fúlásíkì tíì nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń pẹja. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Juliana fa ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀ Uncle Jimoh.

Kí n má parọ́, ibẹ̀ dára. Adágún náà gbòòrò débi pé òdìkejì rẹ̀ kàn rí fírífírí. Erékùṣù náà wà láàárín, òkúta àti igi páínì ló kún ibẹ̀, ẹyẹ funfun ń ké lórí rẹ̀. Uncle Jimoh dín ẹ́ńjìnnì kù títí ọkọ̀ fi ń rìn bí ẹni tó ń bọ̀ láti ibi àsè. Wọ́n ju okùn ìwọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró nínú ihò wọn, orí wọn ń mì díẹ̀díẹ̀. Juliana béèrè bóyá ẹja máa ń sùn. Ó béèrè bóyá ẹja mọ̀ pé Sátidé ni. Munirat dá a lóhùn bó ṣe mọ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára ọ̀pá.

Nígbà kejì tí wọ́n yí erékùṣù náà po ni ọ̀pá àárín tẹ̀ kọdọrọ. Munirat gbá a mú. Ẹja tó wà nísàlẹ̀ wúwo, ó sì lágídí, ó ń fa okùn lọ, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń fà. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Munirat gbàgbé ìwé ẹ̀rí, ó gbàgbé Auntie Mọ́wùnmí, ó gbàgbé gbogbo ayé. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn ẹja náà yọ lójú omi, ó gùn tó apá èèyàn, àmì dúdú àti pupa wà lára rẹ̀. Juliana kò lè ní sùúrù mọ́. Ó gbé àwọ̀n, ó dìde, ó na ara síta. Ẹja fò, ọkọ̀ fì, ọmọ náà sì ré sómi.

Munirat ju ọ̀pá sílẹ̀, ọ̀pá àti ẹja sì bá omi lọ. Ẹ̀wù aléfòó gbé Juliana sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n òtútù omi náà ti gba èémí lẹ́nu rẹ̀, ó ń húkọ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu omi. Uncle Jimoh yí ọkọ̀ padà kíákíá. Ibi tí ó ti ń yí i ni okùn ìwọ̀ méjì tó kù ti wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì tó ń yí nínú omi, ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lọ. Munirat ju okùn, kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ó fà á padà, ó tún un jù, afẹ́fẹ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́.

Uncle Jimoh ti wà lórí eékún nídìí ẹ́ńjìnnì, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gé okùn ìwọ̀. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Munirat, so okùn yẹn mọ́ra," ó sọ. "Tọ̀ ọ́ lọ. Mo máa fà yín wọlé."

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni. Ó ti ka ìwé, ìwé ti sọ pé igba mítà. Munirat so okùn mọ́ ìbàdí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé etí ọkọ̀. Ẹ̀wù aléfòó wà lọ́rùn òun náà, ó rò ó, bóyá omi máa gbé òun dé ibẹ̀, bóyá kò sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé. Ó wo Juliana. Ọmọ náà kò wo Uncle Jimoh rárá. Munirat ló ń wò, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó ń retí rẹ̀.

"Uncle, mi ò lè lúwẹ̀ẹ́," ni Munirat ké. "Èmi kọ́ ni mo ṣe test yẹn. Latifah ni."

Uncle Jimoh yí orí padà. Ó wò ó fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn lè fi ṣẹ́jú kan, Munirat kò sì ní gbàgbé ìwò náà. Lẹ́yìn náà ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó bọ́ bàtà.

"Tú okùn yẹn kó o fún mi. Tí mo bá gbọ́wọ́ sókè, kó o máa fà."

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta náà bọ́ sínú omi tútù yẹn pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀. Ó lúwẹ̀ẹ́ bí àwọn ará ọ̀sà ṣe ń ṣe, orí rẹ̀ wà lókè, ọwọ́ rẹ̀ kò yára, kò sì dúró. Munirat fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ara ọkọ̀, ó di okùn mú, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò kúrò lórí bísímílááhì. Ó rí i tí Uncle Jimoh di ọrùn ẹ̀wù Juliana mú. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ sókè. Ó fà. Apá tó ti fa ẹja láti ọdún mẹ́ta wá, òní ló rí iṣẹ́ tó tó iṣẹ́. Awọ ọwọ́ rẹ̀ bó, kò mọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Adrian máa fi sáré dé, orí Juliana ti wà ní etí ọkọ̀, Munirat sì ti di í lábíyá mú, ó kọ̀ kò fi sílẹ̀. Adrian ló bá wọn gbé e wọlé, ó sì bá wọn gbé Uncle Jimoh náà.

Juliana bì, ó sunkún, ó wárìrì. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ nígbà tí èémí rẹ̀ délẹ̀ ni pé, "Fish yẹn ńkọ́?" Uncle Jimoh bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn nítorí òtútù. Munirat bú sẹ́kún, ẹkún tó yàtọ̀ sí èyí tó sun fún Latifah. Ara tù ú gan-an.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lábúlé tó wà létí omi yẹ Juliana àti Uncle Jimoh wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Uncle Jimoh pe Auntie Mọ́wùnmí lórí fóònù, ó sọ fún un pé Juliana ré sómi ṣùgbọ́n àlàáfíà ló wà, ó sì jẹ́ kí ọmọ náà bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó ti Munirat lórí òkúta, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo èjìká, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní òun ì bá pariwo, ṣùgbọ́n òun náà jẹ̀bi díẹ̀, torí pé òun gba ìwé gbọ́ dípò kí òun mú Munirat lọ sí ibi tí ojú òun ti lè rí i tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ní lọ́la, Munirat kò ní wọ ọkọ̀.

"Ohun kan ló kù," ó sọ. "Mi ò tíì sọ ti paper yẹn fún ìyá Juliana. Ẹnu ìwọ ló ti máa gbọ́ ọ."

Ní Sọ́ńdè, Munirat jókòó ti fúlásíkì tíì gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀. Ó wo ọkọ̀ méjèèjì bí wọ́n ṣe ń yí erékùṣù náà po. Ó yà á lẹ́nu pé kò dùn ún tó bó ṣe rò.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí wọ́n padà dé Harrow Manorway ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Auntie Mọ́wùnmí ti ń dúró. Ó yẹ orí ọmọ rẹ̀ wò, ó yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò, ó gbá a mọ́ra títí Juliana fi ní òun ò lè mí. Munirat jáde nínú bọ́ọ̀sì, ó sì kúnlẹ̀ lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, lójú gbogbo èèyàn tó ń lọ. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yọ kékeré kan sílẹ̀.

Auntie Mọ́wùnmí tún fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Irọ́ ẹ ló gbé ọmọ mi sínú boat yẹn láìní aláàbò," ó ní. "Òótọ́ tó o sọ ló jẹ́ kí Uncle Jimoh tètè lọ bá a. Mò ń bínú sí ẹ, mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Dìde, kó o lọ sọ fún mummy ẹ."

Ìyá Munirat, Sìdí, kò dákẹ́ bọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n kírun Mọ̀gáríbì títí wọ́n fi kírun Ìṣáì. Ó gba ọ̀pá ìwọ̀ tó kù lọ́wọ́ Munirat, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kò ní sọ̀ kalẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi mọ omi. Latifah náà gba tirẹ̀: òun ló máa kọ́ Munirat, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa fọ abọ́ ara rẹ̀, kì í ṣe Munirat mọ́. Nígbà tó di Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Sìdí fúnra rẹ̀ ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, ó bá wọn lọ. Ó ní ọdún méjìdínlógún tí òun ti ń gbé létí odò Thames, òun kò mọ̀ ju kí òun máa wò ó láti inú bọ́ọ̀sì.

Kò rọrùn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, Munirat kò fi ọwọ́ sílẹ̀ lára irin. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń léfòó, ó sì ń yangàn nílé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, Munirat rí i pé ẹsẹ̀ òun kò kan ilẹ̀, òun kò sì rì.

Ní Sọ́ńdè kan nínú oṣù kọkànlá, Jasmine tún gbé ìwé jáde. Munirat àti Latifah ti lọ bẹ̀ ẹ́ ṣáájú, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé àtijọ́ yẹn. Ó pe orúkọ Munirat, ó wo ojú ẹni tó dáhùn dáadáa. Munirat ló bọ́ sínú omi.

Mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló lè ṣe. Ó mumi lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lágbedeméjì, Latifah àti ìyá rẹ̀ sì ń bá a rìn létí omi títí ó fi dé òpin. Nígbà tó gbé ìwé náà jáde fún Uncle Jimoh, ó ti mọ̀ pé kò tíì tó èyí tó máa gbé òun wọ ọkọ̀. Uncle Jimoh yọ gíláàsì, ó kà á. Ó ní ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, pé ìrìn àjò mìíràn ń bọ̀ lóṣù karùn-ún, àti pé tó bá pé é, lọ́tẹ̀ yìí, Juliana tó ti ń ṣe àádọ́ta ló máa jókòó ti Munirat.

Munirat rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn dénú. Ó ti yé e pé ìwé ẹ̀rí lè purọ́ fún Uncle Jimoh, ó lè purọ́ fún Auntie Mọ́wùnmí, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹnikẹ́ni dúró nínú omi. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, tí nǹkan kan bá wà tí ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fi ẹ̀mí ẹlòmíràn lé yín lọ́wọ́. Munirat ká ìwé kékeré náà, ó fi í sínú àpò, ó sì lọ bẹ ìyá rẹ̀ pé kó bá òun sọ ọ̀pá ìwọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù.